Ta Ló Ń Tún Borno Kọ́?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni tírélà ti máa ń wọ ọjà Mile 12 l'Ékòó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà, tí ilé wa kò jìnnà síra ní Ìkòsí, níbi tó ti dúró ti ẹrù rẹ̀. Àwọn aláàárù ti tú okùn, wọ́n ti ká tápólì kúrò, wọ́n ń sọ àpò àlùbọ́sà kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àpò kan bá ti balẹ̀, ìyá náà á bẹ̀rẹ̀, á tẹ ìdí rẹ̀ wò, á gbóòórùn rẹ̀, torí ìdí àpò ni àlùbọ́sà ti máa ń kọ́kọ́ rà. Rédíò kan ń sọ̀rọ̀ nínú ìsọ̀ tó wà lẹ́yìn wa. Wọ́n ń sọ nípa owó dọ́là tí àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè ń dá láti fi tún ìpínlẹ̀ Borno kọ́ lẹ́yìn ogun Boko Haram. Ìyá náà nàró.

"Ọmọ mi, ìwọ tó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn," ó ní, "ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ owó yìí. Ta ló ń gbà á gan-an? Ṣé wọ́n ti ẹ̀ fi kọ́ nǹkan kan níbẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n fi kọ́ ọ, mà. Àmọ́ ọ̀nà tó ń gbà dé ibẹ̀ lọ́ jù bí ẹ ṣe rò lọ." Bí mo ṣe sọ èyí tán ni tírélà mìíràn wọlé, ìyá náà ní òun ń bọ̀, ó sì lọ pàdé rẹ̀. Ohun tí mi ò rí àyè sọ tán fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ rọra tò síbí.

Ẹni tó bá ń tajà ní Mile 12 kì í ṣe àjèjì sí Borno, bí kò tilẹ̀ débẹ̀ rí. Láti Èkó dé Maiduguri ju 1,400 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ẹ̀wà láti apá ibẹ̀ wà lára èyí tí à ń lọ̀ ṣe àkàrà àti mọ́ínmọ́ín. Ẹja ńkọ́? Àwọn àgbà ẹlẹ́ja mọ orúkọ Baga bí ẹni mọ orúkọ àdúgbò rẹ̀. Etí Adágún Chad ni Baga wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ẹja, tí wọ́n ń yan án lórí iná títí yóò fi gbẹ, tí wọ́n á dì í, tí ọkọ̀ á sì gbé e wá sí Maiduguri, kó tó máa bọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, Boko Haram ya wọ Baga, wọ́n pa èèyàn, wọ́n dáná sun ilé, ìlú náà sì tú. Àwọn apẹja sá, àwọn ayanja sá, ọlọ́kọ̀ ò rí ẹrù gbé. Ẹja ò kúrò nínú omi o. Okùn tó so omi yẹn mọ́ ìkòkò ọbẹ̀ tiwa ló já.

Mo fẹ́ kí ẹ fi okùn yìí sọ́kàn, torí òun ni màá fi wọn gbogbo ohun tí mo bá sọ.

Ogun náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, nígbà tí ìjà àwọn ọmọ ẹ̀yìn Mohammed Yusuf, olùdásílẹ̀ Boko Haram, pẹ̀lú àwọn agbófinró di ìtàjẹ̀sílẹ̀ ní Maiduguri, tí Yusuf fúnra rẹ̀ sì kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Boko Haram kó àwọn ọmọbìnrin 276 lọ ní ilé ẹ̀kọ́ Chibok ní Borno. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn ní ìhà yẹn ju mílíọ̀nù méjì lọ. Kí ẹ tó lè tún ibi tó bàjẹ́ báyìí kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye ohun tó bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2016, ìjọba Nàìjíríà, Báǹkì Àgbáyé, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù jọ ṣe ìṣirò náà. Wọn ò lè fẹsẹ̀ tẹ gbogbo abúlé, torí ogun ṣì ń lọ, nítorí náà wọ́n tún fi àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè wo òrùlé tí ò sí mọ́ àti afárá tó já. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó bàjẹ́ jẹ́ bílíọ̀nù 9.2 dọ́là. Borno nìkan kó bílíọ̀nù 5.9 nínú rẹ̀. Nínú gbogbo bílíọ̀nù 9.2 náà, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù, bílíọ̀nù 3.5, ilé gbígbé sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú bílíọ̀nù 3.3. Wọ́n tún ṣírò ọjà tí wọn ò tà àti ohun ọ̀gbìn tí wọn ò kó, ìyẹn bílíọ̀nù 8.3 mìíràn. Nígbà tó wá kan iye tí wọ́n máa fi tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n kọ bílíọ̀nù 6.7. Ẹ wò ó, iye tí wọ́n ní àwọn nílò kò tó iye tó ṣòfò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti di kálámù mú ni wọ́n ti mọ̀ pé ohun tó lọ kò ní padà tán.

Lẹ́yìn ìṣirò ni ìlérí. Gbogbo wa la ti jókòó síbi ìkówójọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rí. Alága á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á ní òun àti ìdílé òun fi mílíọ̀nù kan náírà sílẹ̀. Àtẹ́wọ́ á ta, onílù á dà á bolẹ̀, akọ̀wé á kọ ọ́ sínú ìwé. Ó di oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, akápò á máa pe fóònù alága, alága á ní òun wà nínú ìpàdé. Ìlérí àwọn orílẹ̀-èdè ṣeé gbára lé ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n máa ń gbé tiwọn gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Síbẹ̀, ọ̀nà jìn láàárín ọjọ́ tí wọ́n bá dárúkọ owó àti ọjọ́ tí búlọ́ọ̀kù bá balẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2017, Nọ́wè, Jámánì, Nàìjíríà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pe ìpàdé ní Oslo, owó tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 672 dọ́là. Ẹni tó gbọ́ ọ lórí rédíò á rò pé ọjọ́ kejì ni wọ́n máa kó o dé. Mílíọ̀nù 458 péré nínú rẹ̀ ló wà fún ọdún yẹn. Èyí tó kù, fún ọdún tó tẹ̀ lé e àti àwọn ọdún ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, wọ́n tún pàdé ní Berlin, ìlérí ibẹ̀ sì ju bílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Ṣùgbọ́n ìpàdé méjèèjì kì í ṣe fún Nàìjíríà nìkan. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin tó yí Adágún Chad ká, ìyẹn Nàìjíríà, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù, ló ni owó náà. Owó yíyá tí wọ́n tún kéde ní Berlin sì wà lọ́tọ̀. Bí akọ̀ròyìn bá ti gé gbogbo èyí kúrò, tó wá kù sí "wọ́n fún wa ní bílíọ̀nù méjì," ó ti fún àwọn tó ń gbọ́ ọ ní ìbínú tí kò yẹ kí wọ́n ní lọ́jọ́ iwájú.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í yà sọ́tọ̀. Owó oúnjẹ yàtọ̀ sí owó àtúnkọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó, tó sùn sábẹ́ igi, ẹ kò ní kọ́kọ́ fún un ní sìmẹ́ǹtì. Àgbàdo, òróró, oògùn àti omi lẹ́ẹ́ kọ́kọ́ gbé fún un. Apá tó pọ̀ nínú owó tó wá láti òkèèrè láti ìgbà náà ló bá ìkòkò oúnjẹ lọ, àwọn tó jẹ ẹ́ sì wà láàyè lónìí nítorí rẹ̀. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé oúnjẹ tí wọ́n jẹ lánàá kò fi ògiri sílẹ̀. Bí ọwọ́ tó ń bù ú bá dá, ojú ẹsẹ̀ ni ebi dé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà mú iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ kúrò lọ́wọ́ USAID, àjọ tí wọ́n fi ń ṣe é láti ọdún 1961. Ní oṣù yẹn kan náà, WFP, àjọ oúnjẹ àgbáyé, kéde pé owó ti tán lọ́wọ́ òun, àti pé oúnjẹ pàjáwìrì tí òun ń pín fún mílíọ̀nù 1.3 èèyàn ní àríwá ìlà oòrùn Nàìjíríà máa dúró. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Washington ni ìyá kan nínú kámpù ní Borno fi gbé ìkòkò òfìfo kalẹ̀.

Ìyá alálùbọ́sà bi mí pé ta ló ń gba owó náà. Ìdáhùn rẹ̀ pín sí ọ̀nà púpọ̀, ọ̀kan lára wọn sì wọ àpò tiwa níbí. Ní ọdún 2017, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ àtúnkọ́ ní Borno, Adamawa àti Yobe, ó sì fi mílíọ̀nù 176 kún un ní ọdún 2020. Owó yíyá ni. Èlé rẹ̀ kéré, ọdún àtisan rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n sísan ni a ó san án. Ìjọba àpapọ̀ ló tọwọ́ bọ ìwé rẹ̀, nítorí náà ará Ìkòsí àti ará Gwoza ní Borno jọ jẹ gbèsè náà ni. Ìjọba tún dá àjọ NEDC sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè àríwá ìlà oòrùn. Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ó sì di oṣù karùn-ún ọdún 2019 kí wọ́n tó búra fún ìgbìmọ̀ rẹ̀. Níbo ni NEDC ti ń rówó? Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó orí ọjà, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí VAT, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Kò sí VAT lórí ata àti àlùbọ́sà tútù, ṣùgbọ́n ó wà lórí káàdì fóònù tí ìyá náà fi ń pe oníbàárà rẹ̀ ní Kano. Ó ti ń dá owó fún Borno láti ọjọ́ tó pẹ́, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún un ni. Ẹni tó bá ti dá owó ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìṣirò. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí nìyẹn.

Owó tó jẹ́ ẹ̀bùn láti òkèèrè kì í sábà wọ àpò ìjọba wa. Ó ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba Jámánì tàbí ti Yúróòpù bọ́ sọ́wọ́ àjọ kan, bíi UNDP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń bójú tó ìdàgbàsókè. Àjọ náà á wá gbéṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí owó má baà sọ nù lọ́nà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn náà ní ẹnu tó ń jẹun. Owó oṣù òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, owó ọ́fíìsì, owó ìṣọ́, owó àwọn tó ń yẹ ìwé wò. Nígbà tí ọ̀nà ò bá sì ṣeé gbà, ẹlikópítà ni wọ́n fi ń gbé òṣìṣẹ́ láti Maiduguri lọ sí àwọn ìlú bíi Dikwa àti Ngala. Alájàpá tó bá ní láti fi ẹlikópítà lọ wo oko tó fẹ́ ra ẹ̀wà nínú rẹ̀ mọ iye tó máa kù lọ́wọ́ òun.

Kí ni wọ́n wá rí kọ́? Màá mú yín lọ sí ibì kan ṣoṣo.

Ngarannam jẹ́ abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Mafa ní Borno. Ní ọdún 2015, Boko Haram pa á run, àwọn ará ibẹ̀ sì sá lọ sínú kámpù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, UNDP àti ìjọba ìpínlẹ̀ Borno ṣí abúlé náà padà pẹ̀lú ilé tuntun tó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ọjà. Ọmọ wa ló ya àwòrán rẹ̀. Tosin Oshinowo, ayàwòrán ilé tó ń gbé l'Ékòó, tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún àwọn ilé olówó ńlá tó ń kọ́ sí etí òkun, ni UNDP gbé iṣẹ́ náà fún.

Ohun tó wú mi lórí nínú iṣẹ́ náà ni pé ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ilé. Ẹni tó bá kàn ń ka iye ilé á to ilé bí páálí mílíìkì, ẹnu ọ̀nà sí ẹnu ọ̀nà, á ya fọ́tò, á lọ. Ṣùgbọ́n Kanuri tó jẹ́ mùsùlùmí ni ará Ngarannam. Ilé tí ojú ará ìta bá ti lè wọ àgbàlá àwọn obìnrin, wọn ò ní gbé e ní ìrọ̀rùn, bí ògiri rẹ̀ tilẹ̀ le bí irin. Nítorí náà ògiri àgbàlá ní láti wà, ìbòòjì tí wọ́n á jókòó sí nígbà oòrùn ní láti wà, ibi tí wọ́n á ti máa pàdé ní láti wà. Agboolé tiwa náà kì í ṣe yàrá lásán. Ẹ gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò nínú agboolé Yorùbá, ẹ sọ fún mi ibi tí wọ́n á ti gba àlejò àti ibi tí wọ́n á ti parí ìjà. Mo gbàgbọ́ pé irú ìbéèrè tí Oshinowo béèrè yẹn ló ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo iṣẹ́ àtúnkọ́, bẹ́ẹ̀ òun ni kò náni lówó tó pọ̀.

Yorùbá máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. A máa ń sọ ọ́ débi pé a ò rò ó wò mọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ ilé ọba? Torí pé bí ààfin bá jó, gbogbo ìlú ló máa tú síta. Àdúgbò kan á gbé igi, òmíràn á gbé koríko tàbí páànù, àwọn ọ̀dọ́ á gbé amọ̀. Ilé tálákà tó jó, ta ló ń bu ẹwà sí i? Ohun tí wọ́n ń pè ní ìrànlọ́wọ́ láti òkè òkun, nígbà tó bá dára jù, ni pé kí gbogbo ayé ṣe ilé àgbẹ̀ kan ní Mafa bí ẹni pé ààfin ni.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì yọrí sí rere. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, láti ọdún 1948 sí 1952, Amẹ́ríkà ná ohun tó ju bílíọ̀nù 13 dọ́là lọ lórí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù nínú ètò tí wọ́n fi orúkọ George Marshall pè. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Jámánì ni mo fẹ́ kí oníṣòwò gbọ́ dáadáa. Amẹ́ríkà kò kó dọ́là fún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọjà ni wọ́n kó wá: ọkà, òwú, ẹ̀rọ. Oníṣòwò Jámánì tó ra òwú san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n owó Jámánì ló fi san án, inú àpò kan ní Jámánì níbẹ̀ ni owó náà sì wọ̀. Wọ́n dá báǹkì kan sílẹ̀ ní ọdún 1948, orúkọ rẹ̀ ni KfW, láti máa yá owó àpò yẹn fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé, ẹni tó fẹ́ tún ibi ìwakùsà èédú ṣe, ẹni tó fẹ́ tún ẹ̀rọ iná mànàmáná tò. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá san padà, wọ́n á yá ẹlòmíràn. Ẹ rí i pé àjọ ni, bí àjọ tí à ń dá lábẹ́ agbòjò ní Mile 12, àfi pé ẹlòmíràn ló fi owó àkọ́kọ́ sílẹ̀. KfW ṣì wà títí dòní. Ó ti dàgbà débi pé òun náà ló ń gbé owó ìrànlọ́wọ́ Jámánì jáde lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tí wọ́n bá kọ́lé nígbà kan ló gbàlejò ìpàdé Berlin ní ọdún 2018.

Ilẹ̀ tiwa náà ti la ogun kọjá rí. Nígbà tí ogun abẹ́lé, ìyẹn ogun Biafra, parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba nígbà náà, kọ ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Faransé, Pọ́túgà, Gúúsù Áfíríkà, Rhodesia àti àwọn ẹgbẹ́ ìjọ tó gbé oúnjẹ lọ fún Biafra, bíi Caritas. Ó ní Nàìjíríà á tún ilé ara rẹ̀ kọ́. Owó epo ti ń wọlé nígbà náà, wọ́n tún afárá ṣe, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, ìjọba pinnu pé iye yòówù kí ará ìlà oòrùn ní sí báǹkì, 20 pọ́n-ùn ló máa gbà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣọ́nnà ìṣúná nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ń dun àwọn Ígbò dòní olónìí. Oníṣòwò á lóye ìdí tó fi ń dùn wọ́n. Afárá wà, ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ gba owó okòwò rẹ̀, kí ló fẹ́ gbé gba orí afárá kọjá?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ Borno. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn agbésùnmọ̀mí fi bọ́ǹbù wó òpó iná tó ń gbé iná mànàmáná lọ sí Maiduguri, ìlú náà sì wà nínú òkùnkùn fún ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n pa àwọn àgbẹ̀ tó ń kórè ìrẹsì lẹ́bàá Zabarmari, tí kò jìnnà sí Maiduguri. Òkú 43 ni wọ́n sin lọ́jọ́ kejì, Gómìnà Babagana Zulum sì wà níbẹ̀. Ajílẹ̀ yúríà tí àgbẹ̀ fi ń gbin àgbàdo, ìjọba ti fòfin dè é níbẹ̀ torí wọ́n ń fi í ṣe bọ́ǹbù. Nínú irú ipò yìí ni gómìnà náà ti àwọn kámpù tó wà ní Maiduguri pa ní ìparí ọdún 2021, tó ní kí àwọn èèyàn máa padà sílé. Mo lóye ohun tó ń wò: ọmọ tí wọ́n bí sí kámpù, tí wọ́n tọ́ lórí oúnjẹ ọ̀fẹ́, kí ló máa mọ̀ ọ́n ṣe? Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlú tí wọ́n ní kí wọ́n padà sí ni yàrà yí ká, tí sójà ń ṣọ́ ọ, tí oko sì wà lẹ́yìn yàrà. Ilé tuntun wà nínú yàrà, ohun tó máa bọ́ ilé wà níta. Ní èrò tèmi, wọ́n kánjú lórí èyí, àwọn tí wọ́n sì kánjú lé lórí ni kò lẹ́nu níbi tí wọ́n ti ń pinnu.

Ohun kan ṣì kù tí mi ò rí nínú ìṣirò bílíọ̀nù 9.2 dọ́là yẹn, bẹ́ẹ̀ òun ni ọjà wa dúró lé. Àwìn ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà ṣẹlẹ̀ níbí ní Mile 12 láàárín àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá àti Haúsá. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jó, Gómìnà Akinwunmi Ambode sì pàṣẹ pé kí wọ́n ti ọjà náà pa. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ra pákó àti páànù, ó tún un kàn. Ṣùgbọ́n bí ọjà yìí ṣe ń lọ ni pé alájàpá Haúsá tó gbé tòmátò wá láti òkè Ọya á kó o fún ìyá Yorùbá láìgba kọ́bọ̀, ìyá náà á tà á, á sì gbé owó wá fún un nírọ̀lẹ́. Kò sí ìwé, kò sí lọ́yà. Ojú ni wọ́n fi mọ ara wọn. Èyí kò ṣeé fi pákó tún kàn. Ó gba kí ẹnì kan tún kó apẹ̀rẹ̀ kan fún ẹnì kejì, kí ìyẹn sì san án, kó tó kó méjì. Nígbà tí àwọn oníṣòwò òkè dá oúnjẹ dúró ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá n'Íbàdàn, kò sí afárá kankan tó já lójú ọ̀nà. Gbogbo wa la rí iye tí ata dé.

Borno náà ní àwìn tirẹ̀. Apẹja ń gba àwọ̀n lọ́wọ́ olówó, ó ń fi ẹja san án. Àgbẹ̀ ń kó ẹ̀wà fún alájàpá, ó ń retí owó rẹ̀. Nígbà tí Baga tú, kì í ṣe ilé nìkan ló tú níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀nà, ọjà àti owó okòwò kékeré ló yẹ kí owó òkèèrè kọ́kọ́ wá, kí ilé máa bá a bọ̀ lẹ́yìn. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú kan ti dìde, mi ò ní ka òrùlé rẹ̀. Màá bèèrè lọ́wọ́ ìyá alálùbọ́sà bóyá tírélà ti ń ti ìhà ibẹ̀ bọ̀.

Mo padà lọ bá a ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo sọ díẹ̀ nínú gbogbo èyí fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń ti ọmọlanke fún un jókòó sórí ọmọlanke rẹ̀, ó ń mu fùrá. Ó ní abúlé òun kò jìnnà sí Dikwa. Wọ́n ti kọ́ ilé síbẹ̀, ìyá òun sì ti kó wọ ọ̀kan. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi tíì padà lọ. Ó ní tẹ́lẹ̀, bàbá òun máa ń kó ẹ̀wà fún alájàpá kan tó ń wá ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ìyẹn á sì sanwó tó bá tà á tán. Wọ́n ti kọ́ ọjà tuntun fún wọn, alájàpá náà ò wá mọ́.

Ìyá alálùbọ́sà fi Haúsá ọjà bi í pé àpò mélòó ni bàbá rẹ̀ máa ń kó lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní ogún.

Ìyá náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó fi ìka ṣírò owó ọkọ̀ láti Maiduguri, ó mi orí. Ó mú bírò lẹ́yìn etí rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ẹ̀yìn páálí sìgá kan tó wà nílẹ̀, ó sì nà án sí ọmọ náà. "Fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ," ó ní. "Bí ọ̀nà bá ti ṣí, kó kọ́kọ́ kó márùn-ún wá, ká wò ó."